Kókó burúkú inú ọpọlọ: ṣé ká ta oko kòkó Bàbá nítorí CRISPR?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ìlẹ́ṣà ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Bàbá mi jẹ́ ẹni ọdún 68, àgbẹ̀ kòkó sì ni wọ́n. Orí ń fọ́ wọn láàárọ̀, wọ́n ń bì, ó wá di ọjọ́ kan tí gìrì gbé wọn lóko. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, èsì àyẹ̀wò sì sọ pé glioblastoma ni, ìyẹn jẹjẹrẹ ọpọlọ, ìpele kẹrin. Mo gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n ti ń fi CRISPR, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń tún jíìnì ṣe, wo àwọn tó ní SS sàn. Ọkùnrin kan wá kàn sí wa lórí WhatsApp pé òun lè mú Bàbá lọ sókè òkun kí wọ́n fi irú ìtọ́jú náà tún jíìnì kókó ọ̀hún ṣe, ká kọ́kọ́ san ₦8 mílíọ̀nù. Kò béèrè èsì àyẹ̀wò kankan, nọ́ńbà àkáǹtì ló fi ránṣẹ́. Ẹbí ti fẹ́ ta oko. Ṣé òótọ́ ni ìtọ́jú yìí wà? Bó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ jíìnì ni, ṣé àwa ọmọ náà kò wà nínú ewu?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá o, Ọlọ́run á fún yín lókun. Kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ owó kúrò nílẹ̀: ẹ má ta oko, ẹ má sì fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ọkùnrin yẹn. Kò sí orílẹ̀-èdè kankan tí ìjọba rẹ̀ ti fọwọ́ sí àtúnṣe jíìnì gẹ́gẹ́ bí ìtọ́jú glioblastoma tí èèyàn lè sanwó fún kó sì gbà. Ìwádìí ló wà, lára àwọn aláìsàn díẹ̀, ní ilé ìwòsàn díẹ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá dúró síbí, ẹnì kan nínú ẹbí yóò sọ pé dókítà yìí kò mọ ohun tó ń lọ láyé mọ́, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ kí n ṣàlàyé.

Ìròyìn tí ẹ gbọ́ lórí rédíò kì í ṣe irọ́. CRISPR jẹ́ ohun tí àwọn bakitéríà fi ń gbèjà ara wọn lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì láti ayébáyé. Ní 2012 ni Jennifer Doudna, ará Amẹ́ríkà, àti Emmanuelle Charpentier, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi hàn pé èèyàn lè darí rẹ̀ lọ síbi tó bá wù ú lórí DNA, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 2020. Nǹkan méjì ló para pọ̀ di irinṣẹ́ náà: purotéènì kan tó ń gé DNA, tí wọ́n ń pè ní Cas9, àti okùn RNA kékeré kan tó ń júwe ọ̀nà fún un. Lẹ́tà 20 tó wà lórí okùn yìí gbọ́dọ̀ bá lẹ́tà ibi tí a fẹ́ gé mu, nínú nǹkan bí bílíọ̀nù 3 lẹ́tà tó wà nínú DNA èèyàn. Bí Cas9 bá ti gé e, sẹ́ẹ̀lì á gbìyànjú láti so ó padà, àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà kì í so ó bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, jíìnì náà á sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ó rọrùn fún irinṣẹ́ yìí láti pa ẹnu jíìnì kan mọ́ ju kó kọ ọ́ ní ọ̀tun lọ.

Ní oṣù kọkànlá 2023, ìjọba Bìrìtéènì fọwọ́ sí Casgevy, ìtọ́jú CRISPR àkọ́kọ́ tí ìjọba èyíkéyìí fọwọ́ sí, fún àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e lóṣù kejìlá. Ohun àmúyangàn ni fún irú wa, níbi tó jẹ́ pé nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló ní AS. Iye tí wọ́n fi lé e ní Amẹ́ríkà jẹ́ mílíọ̀nù 2.2 dọ́là fún aláìsàn kan, ìyẹn sì jẹ́ ẹjọ́ mìíràn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á fa ìyá sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ jáde lára aláìsàn. Inú yàrá àyẹ̀wò ni CRISPR ti máa gé ibi kan lórí jíìnì BCL11A. Jíìnì yìí ló ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ ń lò nínú oyún. Bí ìlẹ̀kùn bá tún ṣí, ẹ̀jẹ̀ ọmọ inú oyún náà á padà wá, kì í sì í tẹ̀ bíi dòjé. Wọ́n á yẹ sẹ́ẹ̀lì náà wò, wọ́n á fi oògùn líle palẹ̀ mùdùnmúdùn eegun mọ́, kí wọ́n tó dá èyí tí wọ́n tún ṣe padà. Ìta ara ni gbogbo iṣẹ́ náà ti wáyé. Bí wọ́n bá sì pàdánù apá kan nínú sẹ́ẹ̀lì náà, kò sí wàhálà, torí àwọn tó gba àtúnṣe tó láti gbé aláìsàn ró.

Kókó tó wà lórí Bàbá dojú gbogbo èyí délẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò lè fà á jáde lọ tún ṣe kó sì dá a padà. Inú agbárí ló wà, ó ti wọ ara ọpọlọ tó dára. Kì í sì í ṣe pé a fẹ́ kó ṣiṣẹ́ dáadáa sí i. Ikú rẹ̀ là ń wá, kó má ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lóko mọ ẹ̀kan. Ẹ lè ro ilẹ̀ títí á fi mọ́ tónítóní, àmọ́ bí gbòǹgbò rẹ̀ bá ṣẹ́ kù lábẹ́ ilẹ̀, òjò kan ṣoṣo ni yóò fi yọrí padà. Ní 1928, Walter Dandy, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Baltimore, kéde pé òun ti gé odindi ìdajì ọ̀tún ọpọlọ kúrò fún àwọn aláìsàn kan tó ní irú kókó yìí. Èrò rẹ̀ ni pé bí wọ́n bá gé e tó bẹ́ẹ̀, kò ní sí ohun tí á ṣẹ́ kù. Ó tún hù padà. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti rìn kọjá ibi tí ojú lè rí kí ọ̀bẹ tó débẹ̀. Èyí náà ló fà á tí dókítà yín fi ń sọ̀rọ̀ ìtànṣán (radiotherapy) àti oògùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ lọ dáadáa. Kì í ṣe pé wọn ò gé e tán.

Òmíràn ni pé sẹ́ẹ̀lì inú kókó kan ṣoṣo kì í jọra. Jíìnì tó ń ti àwọn tó wà lápá ibí láti máa pọ̀ sí i lè má sí lára àwọn tó wà lápá ọ̀hún rárá. Bí a bá ṣe CRISPR tó máa pa jíìnì kan mọ́, àwọn tí kò gbára lé jíìnì yẹn á kàn máa bá tiwọn lọ, wọn á sì gba àyè àwọn tó kú.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ìwọlé tún wà. Odi kan wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ oògùn kọjá. Bí wọ́n bá fi èérún ọ̀rá tín-ín-tín di CRISPR tí wọ́n sì fa á sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ ló ń gba èyí tó pọ̀ jù. Fún àwọn àrùn ẹ̀dọ̀, ohun tó dáa nìyẹn: ní 2025, ní Philadelphia, wọ́n ṣe àtúnṣe jíìnì tí wọ́n dìídì kọ fún ọmọ ọwọ́ kan ṣoṣo, KJ Muldoon, tí àìpé jíìnì CPS1 kò jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lè kó májèlé amóníà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ọmọ náà gbádùn débi pé wọ́n dá a padà sílé. Ó ṣeé ṣe kí ọkùnrin WhatsApp yẹn fi fọ́tò ọmọ yìí hàn yín. Ẹ̀dọ̀ ni tiyẹn o, kì í ṣe ọpọlọ.

Ìwádìí tó sún mọ́ ohun tí ọkùnrin náà ń polówó jù lọ wáyé ní Yunifásítì Tel Aviv. Ní 2020, Dan Peer àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi èérún ọ̀rá gbé CRISPR lọ bá glioblastoma tí wọ́n gbìn sínú ọpọlọ eku. Wọn ò gba inú ẹ̀jẹ̀. Inú ọpọlọ gan-an ni wọ́n fa abẹ́rẹ́ náà sí. Jíìnì PLK1, tí sẹ́ẹ̀lì kò lè pín sí méjì láìsí i, ni wọ́n dojú kọ. Àtúnṣe náà mú nǹkan bí 70% nínú sẹ́ẹ̀lì kókó náà, ìdàgbà kókó dín kù ní 50%, àwọn eku tó yè sì fi 30% pọ̀ sí i. Bí akọ̀ròyìn bá rí 70%, á kọ ọ́ gàdàgbà sí iwájú ìwé ìròyìn. Èmi ń wo 30% sẹ́ẹ̀lì tí irinṣẹ́ náà kò bá pàdé, torí àwọn ni yóò padà wá. Iṣẹ́ náà dára, mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fi hàn pé ọ̀nà náà ṣeé gbà. Àmọ́ kókó inú ọpọlọ eku kò tó hóró ẹ̀wà, ti èèyàn sì lè tó ọsàn.

Àwọn kan ní California ronú gba ibòmíràn, ìrònú wọn sì wù mí. Temozolomide, oògùn jẹjẹrẹ tó ṣeé ṣe kí wọ́n kọ fún Bàbá, máa ń fi àpá púpọ̀ sára DNA kókó tó bá padà wá lẹ́yìn ìtọ́jú. Ní 2023, wọ́n fi hàn pé wọ́n lè darí CRISPR sí àwọn àpá tó ń tún ara wọn sọ wọ̀nyẹn, kó gé DNA sẹ́ẹ̀lì náà ní ibi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà débi tí kò fi ní lè so ó padà. Sẹ́ẹ̀lì tó dára kò ní àpá yẹn lára. Títí di báyìí, ọ̀rọ̀ yàrá ìwádìí ni.

Ibi tí àtúnṣe jíìnì ti dé ara àwọn tó ní kókó ọpọlọ ní tòótọ́ ni ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò fọkàn sí. Wọn kò tún jíìnì kókó ṣe. Jíìnì àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń jà fún ara ni wọ́n ń tún ṣe. Ẹ wo ìdí rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí dexamethasone wà nínú oògùn tí wọ́n fún Bàbá. Òun ló ń mú kí wíwú ọpọlọ dín kù, òun ló jẹ́ kí ẹ̀fọ́rí àti èébì dín kù láàárín ọjọ́ díẹ̀. Oògùn ọlọ́lá ni. Àmọ́ ó máa ń rẹ àwọn ọmọ ogun ara sílẹ̀, ó tiẹ̀ ń pa nínú wọn. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé bí dókítà bá rán sẹ́ẹ̀lì ajà sínú kókó, oògùn tí aláìsàn ò lè ṣe kó má lò ni yóò kọ́kọ́ ṣẹ́ wọn lápá. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń gbà wọ inú sẹ́ẹ̀lì ṣiṣẹ́, jíìnì NR3C1 ló sì ń kọ́ ẹnu ọ̀nà náà. Kí wá ni wọ́n ṣe? Wọ́n ba jíìnì yẹn jẹ́ lára sẹ́ẹ̀lì ajà, kí aláìsàn lè máa lo dexamethasone rẹ̀ lọ láìpa ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n rán lára. Ilé ìwòsàn City of Hope ní California ti dán irú èyí wò lára aláìsàn 6 kí CRISPR tó dé ọjà pàápàá. Irinṣẹ́ àgbà kan tí wọ́n ń pè ní zinc finger ni wọ́n lò. Ní MD Anderson ní Houston, CRISPR ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn, lórí sẹ́ẹ̀lì NK, irú sẹ́ẹ̀lì ajà kan, tí wọ́n gbà láti inú ẹ̀jẹ̀ okùn ìwọ́ ọmọ tuntun. Wọ́n tún yọ jíìnì kejì, TGFBR2, nítorí kókó náà ń tu ohun kan jáde tó ń fi sẹ́ẹ̀lì ajà sùn, TGFBR2 ni wọ́n sì fi ń gbọ́ àṣẹ náà. Ìpele kìíní ìwádìí nìyẹn wà, níbi tí ìbéèrè àkọ́kọ́ ti jẹ́: ṣé kò ní pa aláìsàn lára? Bó bá wá di pé ẹnì kan bi mí níbo ni mo fọkàn tán nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ibẹ̀ ni máa tọ́ka sí.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì ajà tí wọ́n kàn fi jíìnì kún, tí wọ́n ń pè ní CAR-T, ti lọ jìnnà díẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ní 2016, City of Hope kọ̀wé nípa ọkùnrin kan tí gbogbo kókó rẹ̀ wọlẹ̀ fún oṣù 7.5. Ní oṣù kẹta 2024, àwọn dókítà Massachusetts General Hospital ní Boston sọ ti aláìsàn mẹ́ta: lára obìnrin ẹni ọdún 57 kan, kókó náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá láàárín ọjọ́ 5 lẹ́yìn ìfàsínú kan ṣoṣo. Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, torí èèyàn kì í rí irú rẹ̀ nínú glioblastoma. Ṣùgbọ́n kókó obìnrin náà padà wá, ti ẹnì kan mìíràn nínú wọn náà padà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ajà náà kò pẹ́ lára wọn, ìyẹn sì wà lára ohun tó jẹ́ kí èyí tó ṣẹ́ kù padà hù. Ìtàn ẹ̀kan náà la tún ń sọ.

Japan ni ìjọba ti fọwọ́ sí ohun tó jọ èyí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi da yín lójú rú. Ní oṣù kẹfà 2021, wọ́n gba Delytact wọlé pẹ̀lú àdéhùn, fún kókó ọpọlọ burúkú. Fáírọ́ọ̀sì tó ń fa egbò etí ẹnu ni, tí Tomoki Todo àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Tókyò yí jíìnì rẹ̀ padà níbi mẹ́ta kó lè máa pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì kókó nìkan. Jíìnì fáírọ́ọ̀sì ni wọ́n tún ṣe, kì í ṣe ti aláìsàn. Aláìsàn 19 ni wọ́n fi ṣe ìwádìí tí wọ́n gbé ìpinnu náà lé, kò sì sí àwọn tí kò gba oògùn náà tí wọ́n lè fi wọ́n wé. Ohun kejì ni pé inú kókó ni wọ́n ń fa á sí, ó lè tó ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, nípa iṣẹ́ abẹ.

Ìdí tí mi ò fi ń yọ̀ kíákíá lórí aláìsàn 19 ni Toca 511. Fáírọ́ọ̀sì ni òun náà, tó ń gbé jíìnì kan wọ inú kókó láti sọ oògùn lásán di májèlé níbẹ̀. Ìwádìí kékeré tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe mú inú gbogbo wa dùn. Nígbà tí wọ́n wá fi aláìsàn 403 dán an wò lódindi, àárín ọjọ́ ayé àwọn tó gbà á (ìyẹn ìgbà tí ìdajì wọn ṣì wà láàyè) jẹ́ oṣù 11.1, ti àwọn tó gba ìtọ́jú tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ jẹ́ oṣù 12.2. Ó parí síbẹ̀, ní 2019.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọkùnrin tó fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́. Ìwádìí tòótọ́ ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́: ti Amẹ́ríkà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NCT tí nọ́ńbà mẹ́jọ tẹ̀ lé e, ti Áfíríkà sì ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PACTR. Wọ́n á gba MRI (àwòrán inú ọpọlọ) àti ẹran ara tí wọ́n gé nígbà iṣẹ́ abẹ kí wọ́n tó dá yín lóhùn rárá, torí ọ̀pọ̀ aláìsàn ni kì í yẹ fún un. Wọ́n á fún yín ní ìwé láti kà, èyí tó sọ ewu rẹ̀ láìfi bò. Wọn kì í sì í ta oògùn tí wọn ò tíì mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò tíì rí MRI Bàbá, tó sì ti mọ iye tí ẹ máa san, ẹ mọ irú ẹni tó jẹ́. Bó bá yá a lára, ẹ ní kó fi nọ́ńbà ìwádìí náà ránṣẹ́. Ó dá mi lójú pé ẹ ò ní gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́.

Ó wá ku ohun tó yẹ kí ẹ ṣe. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ lónìí kò tuntun. Ní 2005 ni ìwádìí kan lára aláìsàn 573 fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kí wọ́n pa ìtànṣán pọ̀ mọ́ temozolomide: àárín ọjọ́ ayé àwọn tó gba méjèèjì jẹ́ oṣù 14.6, ti àwọn tó gba ìtànṣán nìkan jẹ́ 12.1. Lẹ́yìn ọdún méjì, 26.5% ṣì wà láàyè, tí ti àwọn yòókù jẹ́ 10.4%. Mi ò ní sọ fún yín pé àrùn kékeré ni. Àmọ́ ẹ wo ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí Bàbá dáadáa, torí ó lè dín ìnáwó yín kù. Ìlànà ti tẹ́lẹ̀ jẹ́ ìtànṣán ìgbà 30, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Fún àwọn tó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìwádìí kan ní 2017, lára aláìsàn 562, lo ìgbà 15 péré, ìyẹn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n fi temozolomide kún un, àárín ọjọ́ ayé wọn kúrò ní oṣù 7.6 bọ́ sí 9.3, ti àwọn tí àyẹ̀wò MGMT, jíìnì kan nínú kókó, dára fún sì bọ́ sí 13.5. Bí ẹ bá ní láti gbà ilé sí Ìbàdàn tàbí Èkó nítorí ẹ̀rọ ìtànṣán, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kì í ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ bi dókítà yín léèrè ní tààrà bóyá èyí bá ara Bàbá mu. Ẹ tún bi wọ́n bóyá wọ́n lè ṣe àyẹ̀wò MGMT àti IDH lórí ẹran ara tó wà nípamọ́. MGMT ló ń sọ bóyá temozolomide á ràn wọ́n lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀, IDH sì ń jẹ́ kí wọ́n mọ irú kókó tó jẹ́ gan-an. UCH ní Ìbàdàn, níbi tí Latunde Odeku ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ lórílẹ̀-èdè yìí ní 1962, ní ẹ̀ka ìtànṣán. LUTH ní Èkó náà ní. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó gbéra, torí ẹ̀rọ lè wà níbẹ̀ kó má ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ló yẹ kí ìtànṣán ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí mìíràn rèé tí ìdúnàádúrà orí WhatsApp fi lè ba nǹkan jẹ́: ọjọ́ ń lọ.

Temozolomide jẹ́ oògùn oníhóró tí wọ́n ń gbé mì. Ilé oògùn ilé ìwòsàn ni kí ẹ ti rà á, kí ẹ sì wo nọ́ńbà NAFDAC rẹ̀. Ó lè dín sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ kù, nítorí náà ẹ má fo àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kankan, kẹ́ ẹ sì béèrè bóyá Bàbá nílò Septrin lásìkò náà láti má ṣe jẹ́ kí àrùn wọ ẹ̀dọ̀fóró. Dexamethasone kì í ṣe oògùn tí wọ́n ń dá dúró lójijì. Dókítà ló ń sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òwúrọ̀ ni kí wọ́n máa lò ó, lẹ́yìn oúnjẹ, kẹ́ ẹ sì máa wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn, torí ó lè gbé e sókè lára ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ rí.

Bí gìrì bá tún gbé wọn, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ wọn dùbúlẹ̀, ẹ kó nǹkan líle kúrò nítòsí, ẹ wo aago. Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ wọ́n lẹ́nu, ẹ má ti ẹsẹ̀ wọn bọná, kí ẹnikẹ́ni má sì fún wọn ní àgbo ìtọ̀ màlúù tí wọ́n máa ń fún ọmọdé. Ó ń fa ṣúgà ara wálẹ̀, ó sì ti pa ọmọ púpọ̀ nílẹ̀ yìí. Bó bá lé ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ilé ìwòsàn ni. Èyí tó bá fẹ́ gbàdúrà nínú ẹbí, kó máa gbà á, kò sí ẹni tó dí i lọ́wọ́. Kó má ṣáà ní kí Bàbá máà lo oògùn.

Ẹ ra ìwé olójú-ewé púpọ̀ kan, kí ẹ máa kọ oògùn tí wọ́n lò, ọjọ́ tí gìrì gbé wọn, bí wọ́n ṣe sùn, bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yọ lẹ́nu wọn. Ará Ìlẹ́ṣà kò yẹ kó fojú tẹ́ńbẹ́lú ìwé kíkọ. Ilé ìwòsàn Wesley Guild tiyín yẹn ni Dókítà David Morley wà ní ìparí àwọn ọdún 1950, tó ti ibẹ̀ lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, tó ṣe káàdì pẹlẹbẹ kan tí àwọn ìyá ń fi tọ́pa ìwọ̀n ọmọ wọn. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ṣì ń lo irú káàdì náà. Dókítà tó bá rí àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin á tún oògùn Bàbá ṣe dáadáa ju ẹni tó ń gbọ́ "ara wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yá" lọ.

Bí owó bá wá wà nínú ẹbí tí ẹ fẹ́ ná, ẹ ná an sí ìtànṣán, oògùn, ọkọ̀, ilé tí wọ́n á dé sí, àti ẹni tí yóò máa dúró tì wọ́n lóru kí ìyá yín lè sùn. Ẹ bá àwọn tó ń ṣe ìtọ́jú ìrọ̀rùn sọ̀rọ̀ ní kùtùkùtù, kì í ṣe nígbà tí gbogbo nǹkan bá ti sú yín. Ìrora àti àìrísùn ni iṣẹ́ wọn, wọn kì í lé aláìsàn kúrò lórí ìtọ́jú yòókù. Bí orí Bàbá bá ṣì pé, tí wọ́n sì fẹ́ sọ̀rọ̀ oko, ẹni tí yóò máa bójú tó o àti bí wọn ṣe fẹ́ kí ó rí, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ nísinsìnyí. Kókó yìí lè mú ọ̀rọ̀ lọ kó tó mú èèyàn lọ.

Ní ti ẹ̀yin ọmọ: jíìnì tó bàjẹ́ nínú kókó Bàbá, inú ọpọlọ wọn ló ti bàjẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n ti dàgbà. Kò sí nínú àtọ̀ tí wọ́n fi bí yín. Ìdílé tí irú kókó yìí ti ń tẹ̀ léra wà, àmọ́ wọn kò pọ̀, àwọn àrùn ìdílé tí a mọ orúkọ wọn, bíi Li-Fraumeni àti NF1, ló sì máa ń fà á nínú àwọn kan. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú ẹbí ti ní kókó ọpọlọ, tàbí pé jẹjẹrẹ ọmú tàbí ti eegun ti mú àwọn kan níbẹ̀ ní ọjọ́ orí kékeré, ẹ sọ ọ́ fún dókítà. Bí kò bá sí irú rẹ̀, ẹ má ṣe MRI kankan fún ara yín, ẹ má sì san owó àyẹ̀wò jíìnì fún ẹnikẹ́ni.